Èwo Ni Kì Í Jẹ Epo? Ìfiwéra Alùpùpù Ìrìn-àjò Lẹ́yìn Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Ti Mọ́wọ́

Kò sí ìgbà tí mo dúró ra epo ní Àjàṣẹ́-Ìpo tí ẹnìkan kò ní sún mọ́ mi, tí yóò wo alùpùpù mi láti orí dé táyà, tí yóò wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, kìlómítà mélòó lèyí ń rìn lórí lítà kan?" Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Láti ọjọ́ 29 oṣù May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó ń fi alùpùpù rìnrìn-àjò tí kò mọ iye tí lítà kan jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, mo máa ń bi wọ́n padà: "Ìgbà wo lẹ ń bi mí? Ṣé ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wálé ni, àbí báyìí?" Alùpùpù kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ń gùn ún, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Síbẹ̀, iye epo tó ń jẹ nígbà náà àti èyí tó ń jẹ báyìí yàtọ̀ débi pé, ká ní ti ìgbà náà ni mo fi ṣèpinnu ni, ǹ bá ti tà á.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe. Tánkẹ̀ ní Ìlọrin ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n gúúsù Kwara ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí mò ń wọ̀n wà: Òmù-Àrán, Ìgbàjà, Èsìẹ́, Ọ̀fà. Ọdún púpọ̀ ni mo fi gun Bajaj Boxer 150 kí n tó ra Honda NC750X tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ra BMW R 1250 GS tirẹ̀, tuntun lòun náà. Mo ní ìwé kékeré kan lábẹ́ ìjókòó tí mo ń kọ gbogbo epo tí mo bá rà sí, mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí àwọn náà máa kọ tiwọn. Inú ìwé méjèèjì yìí, àti inú ìwé tí àwọn tó ṣe alùpùpù wọ̀nyí kọ, ni mo ti mú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Ohun tí àwọn tó ṣe wọ́n sọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to mẹ́rin jọ nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn.

| Alùpùpù | Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì | Táǹkì | Epo fún kìlómítà 100 | Ibi tí táǹkì kan lè gbé e dé |
|---|---|---|---|---|
| Honda NC750X | 745 cc | lítà 14.1 | lítà 3.5 | bíi kìlómítà 400 |
| Suzuki V-Strom 650 | 645 cc | lítà 20 | lítà 4.2 | bíi kìlómítà 470 |
| BMW R 1250 GS | 1,254 cc | lítà 20 | lítà 4.75 | bíi kìlómítà 420 |
| Honda Gold Wing | 1,833 cc | lítà 21 | bíi lítà 5.5 | bíi kìlómítà 380 |

Bí ẹ bá fẹ́ mọ kìlómítà tí lítà kan ń rìn, ẹ fi iye tó wà ní òpó kẹrin pín 100. NC750X á fún yín ní 28.6, V-Strom 23.8, GS 21, Gold Wing 18. Ẹni tó bá ń ka ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà tàbí ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Máìlì lórí gálọ́ọ̀nù làwọn méjèèjì ń kà, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù wọn kò dọ́gba: ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546. Mo ti rí ẹni tó fi máìlì 60 ti Lọ́ńdọ̀nù wé máìlì 50 ti Amẹ́ríkà, tó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ti Lọ́ńdọ̀nù ló dára jù. Bí ẹ bá ṣírò méjèèjì, kìlómítà 21 àti díẹ̀ lórí lítà kan ni. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní WMTC ni àwọn iye inú tábìlì yẹn ti wá. United Nations ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Orí ẹ̀rọ tí táyà ti ń yí lójú kan ni alùpùpù máa ń wà nígbà ìdánwò náà. Kò sí ẹni lẹ́yìn, kò sí báàgì, kò sí gálọ́ọ̀pù, kò sí tìrélà tí ẹ fẹ́ yà sílẹ̀ lórí òkè. Nítorí náà, ẹ má retí pé ẹ máa rí iye yẹn gan-an lójú ọ̀nà wa. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń jẹ ju èkejì lọ, ó dá mi lójú ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á lọ.

Ẹ́ńjìnnì tuntun àti ọlọ tuntun

Ibi tí mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù nìyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba alùpùpù wọn jẹ́ láìmọ̀.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọlọ, ata tí a kọ́kọ́ lọ̀ lórí rẹ̀ kì í wọnú ọbẹ̀. Yanrìn wà nínú rẹ̀, a máa ń dà á nù ni. Ọlọ náà ní láti lọ nǹkan díẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ti ọmọ ọlọ tó bára mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì rí. Wọ́n fa ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú lórí ara wọn sí ara ihò tí písítìnnì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀. Ìlà wọ̀nyẹn ló ń di ọ́ìlì mú, àwọn náà ló sì ń ha ríǹgì, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìnnì ká, títí ríǹgì yóò fi jókòó dáadáa. Kí ó tó jókòó, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ papọ̀: irin ń fara gbo irin ju bó ṣe yẹ lọ, agbára tó yẹ kó ti písítìnnì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì jò lọ sísàlẹ̀. Owó epo yín ló ń san gbèsè méjèèjì.

Agbára iná tó ń jó lórí písítìnnì ló ń ti ríǹgì mọ́ ara ihò náà. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí i tí wọ́n gbé alùpùpù tuntun dúró lójú kan, tí wọ́n tàn án láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí wọ́n ní àwọn ń jẹ́ kó mọ́ra. Alùpùpù tó dúró kò ṣiṣẹ́ kankan, iná inú rẹ̀ kò lágbára tó, kò sí ohun tí yóò ti ríǹgì. Ara ihò náà lè wá dán bí awo kí ríǹgì tó jókòó. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti dán bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹ epo, yóò sì máa jẹ ọ́ìlì pẹ̀lú rẹ̀, àfi bí wọ́n bá tún un tú. Bí ẹ bá sì bá a nínú oòrùn Ìlọrin tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ìrìn nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì kékeré lára, ooru á tún dá kún un.

Ẹ gùn ún. Ẹ kàn má fún un níná dé òpin, ẹ má sì gbé e lé eré kan ṣoṣo fún wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kó máa gòkè, kó máa sọ̀. Ẹ má fi jíà gíga gun òkè tí ẹ́ńjìnnì á fi máa gbọ̀n. Ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán dára fún irú ìrìn yìí ju ọ̀nà tó tẹ́jú lọ, torí Gànmọ́, Ìdófìàn àti Àjàṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹ sá eré kan náà fún ìgbà pípẹ́, ilẹ̀ náà sì ń ga sí i bí ẹ bá ṣe ń lọ. Tó bá fi máa rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. Honda àti BMW méjèèjì ló ní kí wọ́n ṣe sáfíìsì àkọ́kọ́ ní sàkáání yẹn. Ẹ gba ọ́ìlì tó jáde sínú ike funfun kí ẹ gbé e sí oòrùn. Ẹ ó rí i tó ń tàn yinrin-yinrin. Ìyẹn ni yanrìn inú ọlọ.

Honda NC750X àti BMW R 1250 GS lójú ọ̀nà kan náà

Ìrìn Ìlọrin sí Òmù-Àrán nìkan ni mo kà, àlọ àti àbọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 170. Ẹnìkan ṣoṣo lórí alùpùpù, àpò irinṣẹ́ lẹ́yìn, eré wa kò sì kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, NC750X mi ń rìn kìlómítà 22.9 lórí lítà kan. Lẹ́yìn sáfíìsì àkọ́kọ́, ó di 25.1. Nígbà tí mítà rẹ̀ fi máa ka 3,000, ó ti dé 27.4. Láti ìgbà náà, kò kúrò láàárín 27 sí 28. GS ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ láti 17.8, ó sì wà ní 20.5 báyìí.

Mi ò ní sọ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ọwọ́ èmi náà mọ́ ọn. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń fún un níná níbi tí kò ti nílò rẹ̀, torí Boxer ni ara mi mọ́. Ṣéènì àti táyà tuntun náà ní láti rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Honda náà ló ṣẹlẹ̀ sí BMW tí kò ní ṣéènì rárá, tó jẹ́ pé ọ̀pá irin ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Honda fi nǹkan bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí tìgbà àkọ́kọ́, BMW fi nǹkan bíi 15 lé.

Ibi tí ìfiwéra ti máa ń tan èèyàn wá nìyí. Bí mo bá fi NC mi ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wé GS ẹ̀gbọ́n mi ti òní, ìyàtọ̀ wọn kò tó kìlómítà 2.5 lórí lítà kan. Ẹni tó bá rí i nígbà náà á ní kò sí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ ká ra èyí tó lágbára. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti mọ́wọ́, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7. Nítorí náà, ẹ má fi alùpùpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí wé èyí tó ti rìn kìlómítà 10,000. Tuntun sí tuntun, àgbà sí àgbà.

Kí ló dé tí Honda fi ń jẹ díẹ̀? Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó má máa sáré yí ni. Ihò písítìnnì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 77, písítìnnì sì ń rìn mìlímítà 80 sókè-sódò. Ti GS fẹ̀ tó 102.5, ó ń rìn 76. Ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn máa ń fúnni lágbára láti ìsàlẹ̀, ẹ kò ní láti fún un níná púpọ̀ kó tó gbé yín lọ. Tí mo bá wà lórí eré 80 nínú jíà tó ga jù, ẹ́ńjìnnì mi kàn ń kùn jẹ́jẹ́ ni. Agbára rẹ̀ kò tó ti ẹṣin 60. Ti GS jẹ́ ẹṣin 136, ó sì wúwo jù ú lọ ní nǹkan bíi kìlógíráàmù 30 sí 35.

Ohun kejì ni epo tí à ń rà. Ẹ́ńjìnnì GS máa ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní ìlọ́po 12.5 kí iná tó ràn án, ìdí nìyẹn tí BMW fi ní kí wọ́n máa fi epo tí òkútéènì rẹ̀ (iye tó ń sọ bí epo ṣe lè fara dà á tó kó má ràn ṣáájú àkókò) jẹ́ 95 sí i. Ti NC750X jẹ́ ìlọ́po 10.7, Honda sì ní 91 tó o. Ní ilé epo wa, irú bẹntiróòlù kan ṣoṣo ló wà, kò sí pé ẹ fẹ́ èyí tàbí tọ̀hún. Tí epo bá fẹ́ ràn ṣáájú àkókò rẹ̀, GS ní etí tó fi ń gbọ́ ọ, yóò sì fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn kó má bàa bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì bọ́, ṣùgbọ́n agbára lọ, epo náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra GS, kó sọ fún ẹni tó fẹ́ tà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé epo tí òkútéènì rẹ̀ kéré ni òun máa lò. BMW ní ètò tí wọ́n fi ń tún ọpọlọ ẹ̀rọ náà ṣe sí 91.

Kí n má bàa ṣe ojúsàájú, ibì kan wà tí GS ti ń lé Honda bá. Bí a bá gbé èèyàn sẹ́yìn, tí àpótí ẹrù wà lọ́tùn-ún lósì, tí a wá ń gun òkè lẹ́yìn Àjàṣẹ́, èmi ni mo máa ń já jíà sílẹ̀, èmi ni mo máa ń fún un níná. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyàtọ̀ epo wa máa ń kéré lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan ní Òmù-Àrán pé: "Àbúrò, ìwọ ń ra epo díẹ̀, èmi ń ra ìsinmi." Mi ò rí nǹkan fi dá wọn lóhùn, torí ìyàwó wọn ló jókòó sẹ́yìn wọn láti Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó kà á. Ẹ fi ₦1,000 ka lítà kan kó lè rọrùn. Ẹni tó bá ń lọ Òmù-Àrán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50 yóò rin kìlómítà 8,500 lọ́dún. NC750X á jẹ nǹkan bíi lítà 310, GS á jẹ nǹkan bíi 415. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦105,000 lọ́dún kan, ìyẹn ₦2,100 lọ́sẹ̀. Owó ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi ń ra GS ju ti NC lọ jìnnà, epo ọdún mẹ́wàá kò lè dí ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé owó lẹ fẹ́ fi ṣèpinnu, orí iye tí ẹ máa fi rà á ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, epo ló tẹ̀ lé e.

Ní ti V-Strom 650, mo gùn ún nígbà tí mo fẹ́ rà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àárín NC àti GS ló wà nídìí epo, táǹkì lítà 20 rẹ̀ sì jẹ́ kí ó dára fún ẹni tó ń lọ Àbújá tàbí Jos tí kò fẹ́ máa dúró. Gold Wing yàtọ̀ pátápátá: písítìnnì mẹ́fà ló ní, ọ̀nà gígùn tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún, mi ò rí ohun tó fẹ́ wá ṣe lójú ọ̀nà Èsìẹ́.

Ṣé kí a wá fi Boxer sílẹ̀ ni?

Rárá. Bí epo nìkan bá lẹ ń wò, kò sí èyí tó lè dúró níwájú rẹ̀ nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Boxer 150 jẹ́ 144.8 cc, táǹkì rẹ̀ gba lítà 11. Tèmi rìn kìlómítà 36 lórí lítà kan nígbà tó wà ní tuntun. Lẹ́yìn kìlómítà 2,000, tí a ti tún kábúrétọ̀ rẹ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́) ṣe, ó di 46. Ìyẹn ni pé táǹkì rẹ̀ kan á gbé yín rin ìrìn tó lé ní kìlómítà 500, ó sì ju ti GS tó gba lítà 20 lọ. Lórí kìlómítà 8,500 tí mo ṣírò lókè, kò ní jẹ tó lítà 190. TVS HLX 125, alùpùpù kékeré mìíràn, lè jẹ epo tó tún kéré sí i bí ẹnìkan bá ń dá gùn ún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé èèyàn àti ẹrù gòkè, ẹ̀ ń fún un níná dé òpin lójoojúmọ́, èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ á ti lọ.

Ohun tó mú mi kúrò lórí Boxer kì í ṣe epo. Tìrélà ni. Lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, bí tìrélà bá fẹ́ ya yín sílẹ̀, ẹ nílò agbára láti kúrò lọ́nà kíákíá, Boxer kò sì ní in. Ẹni tó bá ń gba inú abúlé sí abúlé, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba títì ńlá, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páwà-báìkì yí òun lórí padà.

Títún un ṣe

Lára Boxer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lo kábúrétọ̀, ọwọ́ mẹkáníìkì ló máa ń sọ bí epo yóò ṣe rí. Kí bẹntiróòlù tó jó tán pátápátá, gíráàmù kan rẹ̀ nílò nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, epo kò ní jó tán, èéfín dúdú á máa jáde. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn ìrìn gígùn. Tí orí rẹ̀ bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá rí bí ẹ̀pà yíyan, ó dára. Tó bá funfun, ẹ sáré padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mo tẹnu mọ́ funfun yẹn, torí àwọn kan máa ń ní kí wọ́n dín epo kù títí kó má bàa jẹ epo. Epo tó kéré jù máa ń jó gbóná. Ó lè lu orí písítìnnì, ó lè jẹ́ kí písítìnnì há mọ́ inú ihò rẹ̀ lójú eré. Ẹni tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bá di lójijì lórí eré 80 lè má dìde mọ́. Kò sí iye epo tó tó ẹ̀mí.

Ohun mìíràn tó dùn mí ni ti fílítà afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì kan tú ti Boxer mi, kò sì dá a padà. Ó ní ó ń dí i lọ́nà, pé yóò mí dáadáa báyìí. Mi ò mọ̀ títí ọyẹ́ fi kọjá. Eruku ọyẹ́ oṣù mẹ́ta wọnú ẹ́ńjìnnì, ó ha ríǹgì tí mo fi ìfarabalẹ̀ gùn jókòó, 46 mi sì wálẹ̀ sí 39. Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mò ń tú fílítà mi, èmi ni mò ń gbọ̀n ọ́n, èmi ni mò ń dá a padà. Ní àsìkò ọyẹ́, mo ń ṣe é lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

NC, V-Strom, GS àti Gold Wing kò ní kábúrétọ̀. Ínjẹ́tọ̀ ni wọ́n ń lò, ọpọlọ ẹ̀rọ ló ń wọ̀n epo fún wọn, ẹ̀rọ kan lójú èéfín sì ń sọ fún un bóyá epo pọ̀ tàbí ó kéré. Ohun tí títún ṣe túmọ̀ sí lára wọn ni fílítà tó mọ́, púlọ́ọ̀gì tó yẹ, àti tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n wò nígbà tó yẹ. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ pààrọ̀ sálẹ́ńsà rẹ̀ sí èyí tó ń pariwo, kó sì tún ọpọlọ rẹ̀ kọ kó lè lágbára, ẹ mọ̀ pé epo tó ń wọlé lẹ ń fi kún un. Mi ò rí ẹnì kan tó ṣe é tí epo rẹ̀ dínkù.

Afẹ́fẹ́ táyà, ní psi tí géèjì ń kà: fún NC àti GS tó gbé ẹrù, 36 níwájú, 42 lẹ́yìn. Fún Boxer tí ẹnìkan wà lórí rẹ̀, 25 níwájú, 28 lẹ́yìn. Ẹ ra géèjì tiyín, kí ẹ má fi ti fọkanáísà nìkan ṣe. Ṣéènì tó gbẹ tàbí tó le jù ń jẹ epo, ẹ fi ọ́ìlì sí i.

Eré ló kù. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń là kọjá ní eré 120 fi nǹkan bí ìlọ́po 1.8 lágbára ju ti eré 90 lọ. Lórí Gànmọ́ sí Àjàṣẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ni ẹ máa fi jèrè, ẹ ó sì rí i nínú táǹkì. Bí ẹ bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ wá sí Ìlọrin lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá yóò dojú kọ yín gan-an, nítorí náà ẹ má fi epo ọjọ́ yẹn ṣe ìfiwéra kankan.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n tiyín

Ẹ rọ táǹkì kún dé ibì kan tí ẹ sàmì sí, kí alùpùpù dúró gbọnrangandan lórí ìdúró àárín tàbí kí ẹnìkan bá yín dì í mú. Ẹ dá mítà ìrìn padà sí òdo. Ẹ gùn ún títí tí yóò fi lò ju ìdajì táǹkì lọ. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, pọ́ǹpù kan náà, ẹ rọ ọ́ dé àmì yẹn. Ẹ fi lítà tó wọlé pín kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ má gbára lé iye tó ń hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ti NC mi máa ń fi nǹkan bíi kìlómítà kan yìn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Pọ́ǹpù kan náà yẹn ṣe pàtàkì. Ilé epo kan ní Ìlọrin, tí mi ò ní dárúkọ, rọ lítà 14.6 sínú táǹkì mi tó jẹ́ pé lítà 14.1 ló gbà, epo sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ọmọ tó ń rọ epo náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mítà ṣe kà á nìyẹn." Mo sanwó, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bí mo bá kọ iye yẹn sínú ìwé mi láì ronú, ǹ bá ti gbà pé alùpùpù mi ló ń jẹ epo.

Èwo ni kí ẹ wá rà?

Ẹni tó ń dá rìn láàárín Ìlọrin àti gúúsù Kwara, tó sì ń fi owó iṣẹ́ ra epo: Boxer 150 tàbí HLX, kó mú sùúrù kìlómítà 2,000. Ẹni tó ń gba títì ńlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó fẹ́ agbára tó lè gbà á lọ́wọ́ tìrélà, tí kò sì fẹ́ kí epo gbà á lówó tán: NC750X. Tí mo bá tún fẹ́ rà lọ́la, òun náà ni mo máa rà. Ẹni tó ń gbé ìyàwó tàbí ọkọ sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù ọjọ́ mẹ́ta, tí owó rẹ̀ sì gbé e: GS, kó rántí ọ̀rọ̀ òkútéènì tí mo sọ.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa rà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á sì ti mọ́wọ́ kó tó dé Nàìjíríà. Kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ wo sálẹ́ńsà rẹ̀ bóyá òun ni wọ́n fi ṣe é láti ibẹ̀rẹ̀. Ẹ tú ìdérí fílítà afẹ́fẹ́ kí ẹ rí i pé fílítà wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì kan lójú yín.